Panápaná Ni Wọ́n Ń Pàtẹ́wọ́ Fún

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n sọ òótọ́ nípa iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe, owú ni màá kọ́kọ́ dárúkọ. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń jowú ọkùnrin kan, mo sì ṣì ń jowú rẹ̀ bí mo ṣe jókòó tí mò ń kọ èyí. Kò jà mí lólè, kò purọ́ mọ́ mi, kò sì sọ̀rọ̀ mi láìdáa níbì kankan rí. Ohun tó ṣe kò ju pé òun ni wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún.

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà nínú àgbàlá wa ní Ilare ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Bí wọ́n bá ti ń jáde ilé-ìwé, wọ́n á wá bi mí bóyá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dára láti kọ́, mo sì máa ń sọ fún wọn pé ó dára. Wọ́n á bi mí nípa owó oṣù, wọ́n á bi mí bóyá ó le. Kò tíì sí ẹni tó bi mí nípa ohun tí iṣẹ́ náà máa ń ṣe sí ọkàn èèyàn.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ni orúkọ mi. Iṣẹ́ tí mo ṣe ni kíkọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ìyẹn àwọn ìlànà tí ẹ̀rọ máa ń tẹ̀ lé kó tó lè ṣe ohunkóhun. Sọ́fúwíà ni gbogbo ayé ń pè é báyìí. Ìyá mi rò títí tí wọ́n fi kú pé iṣẹ́ táípù ni mò ń ṣe, mi ò sì bá wọn jiyàn.

Inú yàrá ńlá kan ní yunifásítì ni mo ti kọ́ṣẹ́. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gùn ní sísọ: wọ́n ń wá ẹni tó mọ ìṣirò, mo mọ̀ ọ́n, mo lọ. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tò pọ̀ mọ́ra wọn, ẹ̀rọ amúlétutù kì í sì í sinmi nítorí rẹ̀. Ọ̀gá Adéwọyin ló ń darí yàrá náà. Wọn kò ga. Wọ́n máa ń wọ súẹ́tà nínú oòrùn Ifẹ̀ nítorí òtútù ibi iṣẹ́, àwọn tó bá sì pàdé wọn lójú títì á rò pé ibà ló ń ṣe wọ́n.

Oṣù kan náà lèmi àti Gbádébọ̀ wọlé sọ́dọ̀ wọn. Gbádébọ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, ọwọ́ rẹ̀ sì tún yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ohun tí mo bá fi odindi ọ̀sẹ̀ rò, òun lè kọ ọ́ tán kí oòrùn tó wọ̀. Mo ti rí i láàárín ọjọ́ mélòó kan pé orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ, ó sì dùn mí.

Nígbà yẹn, orí káàdì pálí la máa ń kọ ètò sí. Ẹ̀rọ kan á lu ihò sára káàdì, ìlà kan lórí káàdì kan, a ó wá tò wọ́n léra, a ó gbé wọn fún kọ̀ǹpútà kó kà wọ́n. Bí ihò kan ṣoṣo bá ṣì, ẹ̀rọ á da gbogbo iṣẹ́ náà nù, ó sì lè di ọ̀la kó tó tún kàn ọ́, torí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pọ̀ tó ń dúró de ẹ̀rọ kan náà. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀gá fi le. Káàdì kankan kò gbọ́dọ̀ dé iwájú ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ẹlòmíì ti kà á. Èmi á gba ti Gbádébọ̀, òun á gba tèmi, a ó sì máa kà á sókè síra wa létí bí ọmọ iléekéwú. Bí mo bá kan ìlà kan tí mi ò lè ṣàlàyé, Ọ̀gá kò ní bi mí ní nǹkan kan. Gbádébọ̀ ni wọ́n máa yíjú sí, wọ́n á ní kó sọ ìdí tó fi kọ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ kò lè kà.

"Kì í ṣe ẹ̀rọ lò ń kọ ọ́ fún," wọ́n sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Ẹni tó máa tún un ṣe lọ́jọ́ tí o ò bá sí ńlé lò ń kọ ọ́ fún."

Gbádébọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á máa wà ńlé, sà.

Ohun kejì tí Ọ̀gá kì í gbà ni iṣẹ́ tó kù díẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ ní ìrọ̀lẹ́ tí o wí pé ó kù díẹ̀, wọ́n á ní o kò tíì ṣe nǹkan kan. Wọ́n fẹ́ kí a gé iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́, débi pé lójoojúmọ́, kí a tó tilẹ̀kùn, nǹkan kékeré kan á ti pé tó ṣeé lò. Ó ń bí wa nínú. A ti kàwé, a fẹ́ gbé ohun ńlá kalẹ̀ kí àwọn èèyàn lanu. Gbádébọ̀ rí ọ̀nà gbà: àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a fúnra wọn, wọ́n ń bẹ Ọ̀gá pé kí wọ́n yá àwọn ní ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá yẹn. Bó ṣe bọ́ lábẹ́ àwọn òfin náà díẹ̀díẹ̀ nìyẹn. Èmi wà lábẹ́ wọn.

Mo rántí ìgbà tí ilé ìwòsàn kan nínú ìlú ní kí a ṣe ètò káàdì aláìsàn fún àwọn. Mo ti ń fi ọkàn yàwòrán rẹ̀ kí Ọ̀gá tó sọ pé mi ò gbọ́dọ̀ kọ ìlà kan. Wọ́n ní kí n lọ jókòó ti obìnrin tó ń gba káàdì níbẹ̀, kí n máa wò ó, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn tó ń wúkọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé nílùú wa yìí, o lè rí obìnrin mẹ́ta nínú ilé ìwòsàn kan láàárọ̀ kan tí orúkọ àti orúkọ bàbá wọn bára mu délẹ̀. Obìnrin náà kì í fi orúkọ wá ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà ara káàdì ló ń wò. Bí mo ṣe ń kọ́ èyí lórí bẹ́ǹṣì, Gbádébọ̀ wà nínú yàrá tútù, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń fún un ní tíì. Mo sunkún nígbà tí mo délé.

Nígbà tó yá, Ọ̀gá fi yunifásítì sílẹ̀, wọ́n gba ilé kan ní Lágéré, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì kó àwa méjèèjì dání. Ètò fún àwọn ilé ìwòsàn là ń ṣe. Káàdì pálí ti di ohun àná, dísíkẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú ètò sí ló rọ́pò rẹ̀. Bí a bá tún ètò kan ṣe, a ó gbé e sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, a ó wọ takisí, a ó lọ fi sí i fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ní Ifẹ̀, ní Modákẹ́kẹ́, títí dé Iléṣà. Ọ̀gá pín wa sí ikọ̀ méjì. Ikọ̀ tèmi gba káàdì aláìsàn àti ọjọ́ tí aláìsàn máa rí dókítà. Ikọ̀ Gbádébọ̀ gba ilé àyẹ̀wò: àbájáde àyẹ̀wò, irú ẹ̀jẹ̀, gbogbo rẹ̀.

Bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi ni mo ṣe kọ́ àwọn tèmi. Láràárọ̀ a ó dúró yí tábìlì ká, kálukú á sọ ohun tó fẹ́ parí lọ́jọ́ náà àti ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ń dá mọ nǹkan kan. Bí ọmọ ẹnì kan bá ń ṣàìsàn, ẹlòmíì á jókòó sáyè rẹ̀, iṣẹ́ á máa lọ. A máa ń tọ́jú ètò àná kí a tó fi tòní rọ́pò rẹ̀, kó lè ṣeé padà sí. A kì í gbé ohun tuntun lọ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ Jímọ̀, nítorí ta ló máa wà níbẹ̀ ní Sátidé bó bá bàjẹ́? Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, a ti délé.

Ikọ̀ Gbádébọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe máa ń yani lẹ́nu, ó sì máa ń bàjẹ́. Bó bá bàjẹ́, ilé ìwòsàn á ránṣẹ́, Gbádébọ̀ á fò sórí ọ̀kadà, á wọlé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí òógùn ti mu, àwọn nọ́ọ̀sì á yí i ká, ọwọ́ rẹ̀ á máa fò lórí kọ̀ǹpútà, nígbà tó bá máa fi dìde, gbogbo nǹkan ti padà bọ̀ sípò. Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Panápaná. Ní Kérésì, àwọn ilé ìwòsàn á fi tòlótòló ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ wa, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ sí i lára. Dókítà kan tí ètò mi ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn rẹ̀ láti ìgbà tó ti ṣí i bi mí lójú ara mi bóyá akọ̀wé Gbádébọ̀ ni mí.

Ìyá mi pàápàá. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn kan ń ròyìn bí ọmọkùnrin kan níbi iṣẹ́ wa ṣe gba ilé ìwòsàn kan sílẹ̀ lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà wọn kú. Wọ́n wá wò mí. Wọ́n ní, "Mọ́rẹ́nikẹ́, ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ máa ń ṣe níbẹ̀ gan-an?"

Mo fẹ́ sọ pé iṣẹ́ tèmi ni kí kọ̀ǹpútà má kú. Mo rí i pé kò ní dùn létí. Mo bọ́ sí kíṣíìnì.

Nígbà tí Ọ̀gá darúgbó, wọ́n ní láti fi ilé-iṣẹ́ lé ẹnì kan lọ́wọ́. Gbádébọ̀ ni wọ́n mú. Mo lọ bá wọn nílé. Wọ́n jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, súẹ́tà ṣì wà lọ́rùn wọn bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹ̀rọ tútù kankan nítòsí mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo wá bi wọ́n ní ohun tí mo ṣe.

"O ò ṣe nǹkan kan," ni wọ́n wí. "Ohun tó fa á gan-an nìyẹn. Mo ní kí àwọn oníbàárà dárúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́. Wọn ò mọ̀ ọ́."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kí iṣẹ́ rí."

Wọ́n ní, "Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí èèyàn rí i. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé yàrá tútù yẹn ni ǹ bá lo ayé mi sí?"

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé àwọn náà ti jowú ẹnì kan rí. Wọn kò sọ ẹni náà fún mi, wọ́n sì kú lọ́dún kejì.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn ránṣẹ́ pè mí lákòókò náà. Mo ronú sí i gidi. Ọkọ mi, tí í ṣe olùkọ́, ní bí mo bá fẹ́ lọ, òun á máa tọ́jú ilé. Ohun tó dá mi dúró ni pé bí mo bá lọ, ikọ̀ mi lè máa bá iṣẹ́ lọ láìsí mi, bí mo ṣe kọ́ wọn nìyẹn, mi ò sì fẹ́ fojú ara mi rí i pé wọn ò wá mi. Mo dúró. Gbádébọ̀ di ọ̀gá mi.

Lẹ́yìn náà ni íńtánẹ́ẹ̀tì dé, ó sì yí gbogbo rẹ̀ padà. Takisí àti dísíkẹ́ẹ̀tì dópin. O jókòó sí Lágéré, o tẹ bọ́tìnnì kan, ohun tí o tún ṣe ti dé gbogbo ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Inú gbogbo èèyàn dùn. Èmi bẹ̀rù. Tẹ́lẹ̀, àṣìṣe wa máa ń wọ takisí lọ sílé ìwòsàn kan, a lè rí i níbẹ̀ kó tó dé ìkejì. Báyìí ó lè dé gbogbo ibi pa pọ̀. Ikọ̀ mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ àyẹ̀wò kéékèèké tí kọ̀ǹpútà máa ń ṣe fúnra rẹ̀ kí ohunkóhun tó jáde: ó máa wò ó bóyá nọ́ńbà ṣì ń bá ẹni tó ni ín mu, bóyá ọjọ́ tí a dá fún aláìsàn kò yí. Ó máa ń gbà wá lákòókò. Gbádébọ̀ ní ó ń fa ọwọ́ iṣẹ́ sẹ́yìn.

Nínú ikọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan wà tó ń jẹ́ Tóyìn, onílàákàyè ni. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Gbádébọ̀ ń múra àtilọ sí Èkó níbi tí wọ́n fẹ́ gbé yẹ́ ẹ sí níwájú àwọn elétò kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ rẹ̀. Kó tó jáde, ó fẹ́ fi ohun tuntun kan sí ètò ilé àyẹ̀wò, kí ó lè ròyìn rẹ̀ lórí pèpéle. Tí wọ́n bá ti tẹ orúkọ aláìsàn, àbájáde gbogbo àyẹ̀wò rẹ̀ á yọ kíá. Tóyìn sọ fún un pé kó jẹ́ kó di Mọ́ńdè, kí ẹnì kan lè kà á. Gbádébọ̀ ní òun fúnra òun ti kà á. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó wọ mọ́tò.

Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n gbé obìnrin kan tó ń rọbí wọ ilé ìwòsàn kan ní Modákẹ́kẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n wá ẹ̀jẹ̀ sí i kíákíá. Ọ̀gbẹ́ni Lásísì tó wà nílé àyẹ̀wò tẹ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ní irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni B. Ó mú ẹ̀jẹ̀ B jáde. Àmọ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, ó kán díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà lórí gíláàsì pẹlẹbẹ kan. Ó ṣù, àmì pé wọn ò bára mu. Ó tún un ṣe, ó tún ṣù. Irú O ni ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà. Bí wọ́n bá fa B yẹn sí i lára, ó lè pa á.

Wọ́n fún obìnrin náà ní ẹ̀jẹ̀ tó bá tirẹ̀ mu, Ọ̀gbẹ́ni Lásísì sì pe ilé-iṣẹ́ wa. Tóyìn ló gbé e. Ó pe Gbádébọ̀, Gbádébọ̀ ti pa fóònù, ó wà lórí pèpéle. Tóyìn wá pè mí.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀," ló wí. "Mi ò mọ ibi tó bàjẹ́ dé."

Mo ń fọ aṣọ. Mo nu ọwọ́, mo gun ọ̀kadà. Nígbà tí mo dé Lágéré, gbogbo ikọ̀ Gbádébọ̀ ti pé sídìí kọ̀ǹpútà kan, wọ́n ń wá àṣìṣe náà, ẹ̀rù sì ti bà wọ́n. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ ná. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé fóònù, kó pe àwọn ilé ìwòsàn, kó ní kí wọ́n má ṣe gba irú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ lẹ́nu kọ̀ǹpútà títí a ó fi pè wọ́n padà. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá kò yẹ kí a dúró de ọ̀gá kó tó di pé a dójú ti ilé-iṣẹ́. Mo ní kó pe àwọn ilé ìwòsàn náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo béèrè ètò àná, kí a lè padà sí i. Kò sí. Gbádébọ̀ ti kọ tuntun lé e lórí, ibi tó bá sì tọ́jú ògbólógbòó sí, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ìbínú gbé mi débi pé mo jáde síta fúngbà díẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, mo ní kí Tóyìn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ sókè, ìlà sí ìlà, kó máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú tì wọ́n lákọ̀ọ́kọ́. Tóyìn kà á, ó ń ṣàlàyé, nígbà tó yá ó dúró. Ó ní ìlà yìí, orúkọ nìkan ló ń wò, kò wo nọ́ńbà káàdì. Ẹni méjì tí orúkọ wọn bára mu, ẹni àkọ́kọ́ tó bá rí ló máa gbé jáde.

Mo ní kí ó tún ìlà yẹn nìkan ṣe. Ó fẹ́ tún òmíràn ṣe pẹ̀lú rẹ̀, mo ní rárá, èyí nìkan. Ẹlòmíì kà á. A kọ àyẹ̀wò kékeré kan tó ní obìnrin méjì olórúkọ kan náà nínú, ètò náà yege. Èmi àti Tóyìn wá lọ sí Modákẹ́kẹ́, a jókòó ti Ọ̀gbẹ́ni Lásísì, a ní kó tẹ orúkọ náà. Kọ̀ǹpútà bi í ní nọ́ńbà káàdì. Ó tẹ̀ ẹ́. Irú ẹ̀jẹ̀ O ló yọ. A pe àwọn ilé ìwòsàn yòókù padà.

Obìnrin náà ti bímọ nígbà yẹn, òun àti ọmọ rẹ̀ wà láàyè. Mo gbọ́ tí ọmọ náà ń ké láti yàrá kejì.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí, tí mò ń retí pé dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà á bá wa sọ̀rọ̀, nígbà tí mọ́tò kan já wọ ọgbà. Gbádébọ̀ ni. Ó ti gbọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì ti sáré láti Èkó wá láìdúró níbì kankan. Aṣọ àyẹ́sí ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, òógùn ti mu ún. Ó lọ tààrà bá dókítà, ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Kò ṣe é láti tan ẹnikẹ́ni jẹ, ó dùn ún dọ́kàn. Dókítà fà á dìde. Ó yíjú sí àwọn nọ́ọ̀sì, ó ní ẹ wo ọkùnrin tó fi ibi tí wọ́n ti ń yẹ́ ẹ sí sílẹ̀ nítorí aláìsàn kan, ẹ wo irú ẹni tí mò ń sọ fún yín. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Tóyìn wò mí. Mo wo ilẹ̀. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, mi ò tíì jowú báyẹn rí. Ó gbóná láyà mi bí ẹni pé mo gbé omi híhó mì.

Ní Mọ́ńdè, Gbádébọ̀ pe ìpàdé. Ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tó yẹ kó ti dá òun dúró ní Jímọ̀. Mo dìde, mo ní kó má bi ẹnikẹ́ni léèrè ta ni. Mo ní kí a béèrè ohun tó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe fún ẹnì kan ṣoṣo láti tẹ bọ́tìnnì kan tí yóò dé gbogbo ilé ìwòsàn láìsí ojú kejì. Gbádébọ̀ ní kí àwọn yòókù jáde, kó ku èmi àti òun nìkan.

Nígbà tí wọ́n jáde, mo sọ ọ́ fún un. Mo ní, "Èmi ni mo ṣe é, ìwọ ni wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó ní, "Mo mọ̀."

"O mọ̀, o sì jẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́."

"Kí ni ǹ bá ṣe? Kí n ní kí wọ́n dákẹ́?" Ó fọwọ́ nu ojú. "Rẹ́nikẹ́, obìnrin yẹn ì bá kú. Sọ ohun tí o fẹ́ ká máa ṣe. Màá fọwọ́ sí i."

Mo sọ ọ́. Ohun tí Ọ̀gá Adéwọyin kọ́ wa nínú yàrá tútù ni, mo kàn fi èdè òde òní sọ ọ́. Gbádébọ̀ fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀, ó sì fi í de ara rẹ̀. Ó di pé bí òun náà bá kọ nǹkan, ó ní láti jókòó kí Tóyìn kà á sí i létí. Ó máa ń gbọn ẹsẹ̀ bí Tóyìn ṣe ń kà, ṣùgbọ́n kì í dìde.

Iná tí Panápaná máa ń pa dẹ́kun. Oṣù kan lọ, òmíràn lọ, kò sí ilé ìwòsàn tó fi ìkánjú pè wá. Mo rò pé ìgbà tèmi ti dé nìyẹn, pé àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó fa ìdákẹ́jẹ́ yìí. Kò sẹ́ni tó béèrè. Ohun tí mò ń gbọ́ ni pé, Panápaná dà, a ò rí i mọ́, ṣé ara rẹ̀ le? Níwọ̀n ìgbà tí kò sí iná tuntun, wọ́n ń sọ ìtàn àwọn iná àtijọ́, ó sì ń dùn sí i lẹ́nu wọn lọ́dọọdún.

Ọdún kan náà la fẹ̀yìntì. Wọ́n se ìrẹsì, wọ́n pín mítípáì, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ohun tó rántí nípa wa dìde sọ ọ́. Fún Gbádébọ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jà sí máíkì. Nígbà tó kàn mí, wọ́n wo ara wọn. Mo rí i pé wọ́n fẹ́ràn mi, wọ́n ń wá nǹkan sọ tọkàntọkàn, wọn kò rí i. Tóyìn ló dìde níkẹyìn. Ó ní òun bí ọmọ mẹ́ta lábẹ́ ìlànà ìyá yìí, kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n pe òun kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkankan nínú wọn nítorí pé iṣẹ́ bàjẹ́. Ó jókòó. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, kò pariwo.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àgbàlá wa, ohun tí mo ní láti sọ fún yín kò ju èyí lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, ẹ máa ṣe é ní kékeré, kó pé lójoojúmọ́, kí ojú kejì rí i, kí ẹlòmíì lè bá yín ṣe é. Bí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀, wọn ò ní rí yín. Ẹ bi ọkàn yín bóyá ó lè gbà á. Tèmi ò gbà á délẹ̀délẹ̀, mo sì ṣe é.

Gbádébọ̀ wá kí mi ní Ilare lóṣù tó kọjá. Irun rẹ̀ ti funfun tán, ó ṣì tẹ́ẹ́rẹ́. Mo gbé iyán fún un. Kò tíì bu òkèlè kejì tí fóònù rẹ̀ dún. Láti ibi iṣẹ́ ni. Apá kan nínú àwọn ohun tó kọ láyé àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, kò sì tíì yé ẹnikẹ́ni. Ó jáde sí ìta, mo gbọ́ tó ń ṣàlàyé. Ó wọlé, ó jókòó, ó tún dún. Ó tún jáde. Mo jókòó ti iyán náà tó ń tutù, owú sì ń jẹ mí bíi ti àtijọ́. Ọdún mélòó kan rèé tí a ti fẹ̀yìntì, wọ́n ṣì ń wá a.

Nígbà tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó jókòó, kò fọwọ́ kan iyán. Ó ń wo fóònù tèmi tó wà lórí tábìlì láti ìgbà tó ti dé.

"Àwọn ọmọ yẹn," ló wí, "ṣé wọn kì í pè ọ́ ni?"

"Wọn kì í pè mí."

"Rárá rárá?"

"Tóyìn máa ń pè láti kí mi kú ọdún."

Ó ń wo fóònù náà níbi tó dákẹ́ sí, ó wò ó títí. Mo ti mọ ọkùnrin yìí láti ìgbà káàdì pálí, mo ti rí i tó ń rẹ́rìn-ín, mo ti rí i tó ń sunkún, mi ò rí ojú yẹn lára rẹ̀ rí. Mo ti rí ojú náà nínú díńgí tèmi, ní àìmọye àárọ̀.